Mo Sọ Ìyá Ọkọ Mi Di Tálákà Nítorí Ẹ̀dínwó Kánsù

Ẹ̀yin òǹkàwé, mo ti pa ọkọ mi rí. Ẹnu ni mo fi pa á, níwájú òṣìṣẹ́ kánsù, nínú ilé wa ní Randburg níbí. Ọkọ mi sì wà nínú balùwẹ̀ nígbà náà, ó ń gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣépè fún mi, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́. Kò sẹ́ni tó fipá mú mi. Ojúkòkòrò ni, mi ò ní orúkọ mìíràn tí mo lè pè é.

Àbísóyè lorúkọ mi. Iṣẹ́ ìṣirò owó ni mò ń ṣe ní ọ́fíìsì kan ní Fourways, ọkọ mi, Akínfẹ́mi, sì jẹ́ olùkọ́ ní yunifásítì. Ìyá rẹ̀ ló ni ilé tí à ń gbé. Màmá Ìbíjọkẹ́ ti ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Johannesburg kí èmi tó mọ̀ pé ìlú kan ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Owó iṣẹ́ yẹn ni wọ́n fi ra ilé náà, orúkọ wọn ló sì wà lórí rẹ̀ títí dòní. Ní báyìí tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì, àwa là ń san owó iná, owó omi, àti owó tí kánsù ń gbà lórí ilé, èyí tí gbogbo èèyàn níbí ń pè ní réètì.

Àǹtí Damaris ni aládùúgbò wa. Ọmọ ilẹ̀ yìí ni, opó ni, ọkọ rẹ̀ tó jẹ́ káfíńtà ló fi ilé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa sílẹ̀ fún un. Nígbà tí wọ́n ra ilé yẹn, àdúgbò wa ò tíì di nǹkan kan. Nígbà tí wọ́n wá kọ́ àwọn ilé ńláńlá yí wa ká, kánsù ní ilé Damaris náà ti di ilé olówó ńlá. Bẹ́ẹ̀ ni réètì rẹ̀ ń lọ sókè lọ́dọọdún, owó àgbà tí ìjọba ń fún un sì dúró lójú kan.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ló wá kan ilẹ̀kùn wa.

"My sister, ẹ bá mi dá sí i," ló wí. "Wọ́n ní kánsù ń fún àwọn àgbà tí wọn ò lówó ní ẹ̀dínwó. Bí wọn ò bá fún mi, màá ta ilé yìí ni, kí n lọ há mọ́ àbúrò mi ní Joubert Park. Yàrá kan ṣoṣo ni òun àtàwọn ọmọ rẹ̀ wà."

Ó ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́, àmọ́ ó di ìwé réètì rẹ̀ mú lọ́wọ́ méjèèjì. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo ní kó fọkàn balẹ̀, iṣẹ́ mi ni.

Mo bá a lọ sí ọ́fíìsì kánsù. Lára ògiri níbẹ̀, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà pé onílé tó bá ti dàgbà, tó ń gbé inú ilé rẹ̀, tí owó tó ń wọlé fún gbogbo ará ilé ò sì tó nǹkan, kánsù máa dín réètì rẹ̀ kù. Àwọn mìíràn ò tiẹ̀ ní san rárá.

Ibẹ̀ ni èṣù ti jókòó tì mí.

Màmá ti dàgbà. Màmá ló ni ilé. Inú ilé náà ni Màmá ń gbé. Ìṣòro kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ ni àwa ará ilé: èmi, ọkọ mi, ọmọ wa Tẹjú, àti owó oṣù tọkọtaya. Mo bi ara mi pé, bí a ò bá sí ńkọ́?

Mo gba fọ́ọ̀mù méjì. Mo kọ ti Damaris, òótọ́ ni gbogbo ohun tí mo kọ síbẹ̀. Mo kọ ti Màmá, mo ní wọ́n ń dá gbé, wọn ò lẹ́nìkan.

Nígbà tí mo sọ fún ọkọ mi, ó gbé ṣíbí ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀.

"Àbísóyè, ìyá mi? Ìyá mi tó ń fi góòlù lọ ṣe ìpàdé àdúrà?"

"Ọjọ́ kan péré ni. Wọ́n á wá wo ilé, wọ́n á sì lọ."

"Màmi ò lè fẹnu ara wọn sọ pé àwọn ò ní."

"Ta ní kí wọ́n sọ nǹkan kan? Èmi ni mo máa sọ ọ́."

Mo ní owó tó máa ṣẹ́kù yẹn á gbé wa lọ sétí òkun ní Durban ní Kérésì. Ó tún gbé ṣíbí rẹ̀.

"Ṣé wọ́n máa ń wo inú yàrá?" ló bi mí.

Ó yẹ kí n sọ irú èèyàn tí Màmá jẹ́ fún yín. Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ sí irú ṣọ́ọ̀ṣì wa á yára mọ̀ wọ́n. Bí ibà bá dá wọn dùbúlẹ̀, wọ́n á ní ara àwọn le. Bí pọ́ọ̀sì wọn bá gbẹ, wọ́n á ní owó ń bọ̀ lọ́nà. Ẹni tó bá sọ "kò sí" lójú wọn, wọ́n á tẹnu bọ̀ ọ́ kíákíá: "Kì í ṣe ìpín wa! Dá a padà!" Ìgbà kan wà tí Tẹjú ní bọ́tà ti tán, Màmá gbàdúrà lé ike bọ́tà náà lórí. Mo mọ gbogbo èyí, mo ṣì rò pé màá lè bá wọn sọ̀rọ̀ débi tí wọn ò fi ní rí àyè lanu.

Kánsù fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sórí fóònù mi pé ẹni wọn máa wá wo ilé Màmá ní Ọjọ́bọ̀. Ti Damaris di Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e. Inú mi dùn. Mo ní àyè wà láàárín wọn.

Mo parọ́ fún Màmá pé aáyán ti pọ̀ jù, àwọn tó ń fín oògùn ń bọ̀, a gbọ́dọ̀ kó ẹrù jáde. Irọ́ kan náà ni mo pa fún Damaris nígbà tí mo ní kó bá wa tọ́jú ẹrù náà.

"Ẹ kó o wá, ẹ kó o wá," ló wí, ó sì ṣílẹ̀kùn gbayawu. Ó gbé tẹlifíṣọ̀n kékeré tirẹ̀ wọ yàrá kí àyè lè gba tiwa.

Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, nígbà tí Màmá wà ní ìpàdé àdúrà, a kó fíríìjì onílẹ̀kùn méjì. A kó tẹlifíṣọ̀n tó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀dì. A kó ẹ̀rọ kọfí, ẹ̀rọ ìfọṣọ, kápẹ́ẹ̀tì. Ó wá ku sófà Màmá. Sófà olówó iyebíye tí wọ́n fi awọ ṣe ni, owó tí wọ́n fún wọn nígbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì ni wọ́n fi rà á, ó sì wúwo bí ẹni pé èèyàn ṣì jókòó sórí rẹ̀. Ọkọ mi àti ọkùnrin méjì láti ṣọ́ọ̀ṣì tú ilẹ̀kùn Damaris kúrò, wọ́n dojú sófà bolẹ̀, wọ́n gbé e ró, wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ tì í. Nígbà tó wọlé, kò sẹ́ni tó lè sọ bó ṣe wọlé.

Ni Damaris bá sáré wọlé, ó gbé àga oníke méjì àti sítóòfù kẹrosíìnì rẹ̀ jáde.

"Kí ni Màmá máa jókòó lé? Kí ni ẹ máa fi dáná? Ẹ mú wọn dání."

Ojú tì mí díẹ̀. Mo gbà á.

Nígbà tí Tẹjú wọlé tó rí pálọ̀ wa, ó ju báàgì sílẹ̀. "Mommy, are we poor now?"

"Rárá o. Aáyán là ń fín."

"But why did you take down the curtains?"

"Lọ ṣe họ́mùwọ́ọ̀kì rẹ."

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ọkọ mi gbé ọkọ̀ wa méjèèjì lọ pamọ́ síbi iṣẹ́ mi ní Fourways, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Ó wá rántí pé òun gbàgbé kọ̀ǹpútà òun sílé, ló bá wọ taxi padà wá mú un. Bó ṣe ní kóun yà sí balùwẹ̀, ni aago géètì dún.

Ọ̀gbẹ́ni Mabaso ni ọkùnrin kánsù náà ń jẹ́. Tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ó dé fìlà, ó ń fi fóònù ńlá kan ya àwòrán gbogbo nǹkan. Èmi ti wọ síkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ kan, mo fi gèlè bo irun mi. Mo ní ará ṣọ́ọ̀ṣì ni mí, mo máa ń yà wá wo Màmá.

Màmá ní tiwọn wọ léèsì. Mo bẹ̀ wọ́n, mo bẹ̀ wọ́n, wọ́n ní àlejò ń bọ̀ nílé àwọn. Wọ́n jókòó sórí àga oníke Damaris bí ọba.

"Màmá, ẹ kú àárọ̀," ni Ọ̀gbẹ́ni Mabaso wí. "Mo fẹ́ bi yín ní ìbéèrè díẹ̀. Ṣé ẹ ní owó kankan tó ń wọlé?"

"Owó?" Màmá rẹ́rìn-ín. "Ọmọ mi, owó ń wá mi kiri ni. Láti òkè, láti ìsàlẹ̀, láti ẹ̀gbẹ́."

Mo tẹ̀ síwájú. "Ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́ ni wọ́n ń sọ, sà."

Ó mi orí díẹ̀díẹ̀. "Eish. Ṣé ẹ ní ilé mìíràn?"

"Mo ní méjì ní Iléṣà, ìkẹta ń bọ̀ lórúkọ Jésù."

"Shame," ló wí. Níbí, bí wọ́n bá sọ bẹ́ẹ̀, ó mà ṣe o ni wọ́n ń sọ.

"Fíríìjì ńkọ́, Màmá? Mi ò rí fíríìjì."

"Fíríìjì mi ga jù ọ́ lọ. Ilẹ̀kùn méjì ló ní. Ó ń pọn omi fúnra rẹ̀."

"Níbo ló wà?"

"Wọ́n ní aáyán ló fà á tí wọ́n fi gbé e lọ."

"Shame, Màmá. Shame."

Bí Màmá bá ṣe ń yangàn tó, bẹ́ẹ̀ ni àánú wọn ń ṣe ọkùnrin náà tó. Ó wo ògiri tí kò ní nǹkan kan, ó wo sítóòfù kẹrosíìnì, ó wo léèsì Màmá, ó dà bí ẹni pé ó fẹ́ sunkún. Inú mi ń dùn débi pé ó ń bà mí lẹ́rù.

"Ta lẹ ń gbé pẹ̀lú, Màmá?"

"Ọmọ mi ni. Dọ́kítà ni o, kì í ṣe ti abẹ́rẹ́, ti ìwé ni. Ìyàwó rẹ̀ sì nìyí." Wọ́n nawọ́ sí mi.

Ọ̀gbẹ́ni Mabaso yíjú sí mi. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo ti tò sílẹ̀ fò lọ. Mo sún mọ́ ọn, mo rẹ ohùn mi sílẹ̀.

"Ọmọ wọn ti... Ó ti pẹ́ díẹ̀. Wọn ò tíì gbà pé ó ti lọ. Obìnrin tó bá ti wọlé ni wọ́n máa ń pè ní ìyàwó rẹ̀."

Ó ṣí fìlà rẹ̀.

Ẹ̀yin òǹkàwé, ìgbà yẹn gan-an ni nǹkan kan jábọ́ gbàà nínú balùwẹ̀.

"Kí nìyẹn?"

"Plumber ni. Ṣọ́ọ̀ṣì ló rán an wá."

Ó ní òun gbọ́dọ̀ wo àwọn ẹ̀rọ omi náà, nítorí kánsù fẹ́ mọ̀ bí omi bá ń jò. Kí n tó rí nǹkan sọ, ó ti ṣílẹ̀kùn. Ọkọ mi dúró sínú baàfù, ó ká apá ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sókè, ó di orí ṣáwà mú lọ́wọ́ kan. Èèyàn tó kọ ìwé lórí afárá àti òpópónà nìyẹn.

"Shap, boss," ló wí, bí àwọn ará ibí ṣe ń sọ pé kò sí wàhálà, ó sì gbá páìpù.

"O ṣeun, bhuti, arákùnrin mi," ni Ọ̀gbẹ́ni Mabaso dá a lóhùn. "Ọlọ́run á san án fún ọ, nítorí Màmá yìí."

Ojú tí ọkọ mi fi wò mí, mi ò ní gbàgbé ẹ̀. Ó ti gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Ìyàwó rẹ̀ ti pa á, ó sì tún ń sọ pé shap.

Nígbà tí ọkùnrin náà ń lọ, Màmá ní kó dúró. Wọ́n tú ìdí ìró wọn, wọ́n mú owó jáde, wọ́n fi sí i lọ́wọ́. Ní ti Màmá, ọmọdé kan ò gbọ́dọ̀ wá kí wọn kó lọ lọ́wọ́ òfo.

"Fi ra epo sọ́kọ̀."

Ọ̀gbẹ́ni Mabaso wo owó náà. Omi lé ròrò sójú rẹ̀. "Màmá, mi ò lè gbà á. Ẹ̀yin gan-an..." Kò lè parí ẹ̀. Ó dá owó náà padà, ó sáré jáde.

Mo tẹ̀ lé e dé géètì, inú mi ń jó. Ó ní kí n fọkàn balẹ̀, Màmá ò tún ní san réètì mọ́. Ó wá wo fóònù rẹ̀.

"Ilé tó kàn náà wà lọ́wọ́ mi, Ọjọ́ Ajé ló yẹ kí n wá. Bí mo ṣe ti wà níbí, kí n kúkú wò ó lẹ́ẹ̀kan náà."

Mo bọ́ síwájú rẹ̀.

"Kò sí nílé, sà," ni mo wí. Damaris sì nìyẹn lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ó ń juwọ́ sí wa.

Mo bá a wọlé, nítorí mi ò mọ ohun mìíràn tí mo lè ṣe. Ó dúró láàárín pálọ̀. Ó wo tẹlifíṣọ̀n náà. Ó wo fíríìjì onílẹ̀kùn méjì. Ó wo sófà, ẹ̀rọ kọfí, kápẹ́ẹ̀tì. Ojú tó fi ń sunkún lẹ́ẹ̀kan ti gbẹ.

"Àǹtí Damaris, ẹ ní ẹ ò ní nǹkan kan."

"Kì í ṣe tèmi," ni Damaris dáhùn. "Ẹrù aládùúgbò mi ni. Wọ́n ń fín aáyán."

"Gbogbo ilé tí mo bá dé ni tẹlifíṣọ̀n ti máa ń jẹ́ ti aládùúgbò. Mo ń bọ̀ láti ọ̀dọ̀ ìyá kan báyìí tí kò ní àga, tó ṣì ń fún mi lówó. Ẹ̀yin lẹ ń jẹ́ kí wọ́n máa fojú olè wo irú wọn."

Damaris rẹ́rìn-ín, ó yíjú sí mi. Ara rẹ̀ balẹ̀ nítorí pé mo wà níbẹ̀. "My sister, ẹ sọ fún un."

Ọ̀gbẹ́ni Mabaso náà yíjú sí mi. "Ṣé òótọ́ ni? Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n?"

Mo wo Damaris. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni ọkọ mi nínú baàfù, àti fọ́ọ̀mù tí mo kọ irọ́ sí, àti orúkọ mi níbi iṣẹ́.

"Mi ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀," ni mo wí. "Mi ò mọ̀ ọ́n. Màmá nìkan ni mo wá wò."

Ẹ̀rín náà ṣì wà lójú Damaris fún ìgbà díẹ̀, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ mi ò tíì dé etí rẹ̀. Kò pariwo. Kò bú mi. Ó kàn ní, "Okay," ó sì jókòó sórí apótí kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Kò tiẹ̀ jókòó sórí sófà náà.

Ọ̀gbẹ́ni Mabaso gbé fóònù sókè láti ya àwòrán.

Ìgbà yẹn ni Màmá wọlé. Àkókò ìwàásù tí wọ́n máa ń wò lórí tẹlifíṣọ̀n ti tó, wọ́n sì ní àwọn á lọ bá Damaris wò ó nínú tirẹ̀.

"Jésù! Sófà mi rèé!"

Ọ̀gbẹ́ni Mabaso rọra dì wọ́n mú. "Màmá, ẹ má banú jẹ́. Ọlọ́run á ṣe tiyín."

"Ó ti ṣe é! Èyí ni! Fíríìjì mi rèé! Tẹlifíṣọ̀n mi rèé!"

"Àmín, Màmá. Ẹ máa fi ìgbàgbọ́ gbà á."

"Ìgbàgbọ́ wo? Mo ní tèmi ni!" Màmá fa rìmóòtù tí kì í kúrò lọ́dọ̀ wọn yọ nínú báàgì wọn, wọ́n tẹ̀ ẹ́, tẹlifíṣọ̀n náà tàn, ó bú sí orin. Kí ó má tún sọ pé ìgbàgbọ́ ni, wọ́n jókòó gbì sórí sófà, wọ́n ti ọwọ́ bọ abẹ́ apá òsì rẹ̀, níbi tí okùn kékeré kan wà tí ẹnikẹ́ni ò lè rí. Wọ́n fà á. Sófà náà là, ó na ẹsẹ̀, ó di bẹ́ẹ̀dì. Màmá dùbúlẹ̀ lórí ẹ̀ pẹ̀lú léèsì wọn, wọ́n ń wo ọkùnrin náà.

Ọkọ mi ti gbọ́ igbe ìyá rẹ̀. Ó sáré wọlé, orí ṣáwà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Màmi! Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Plumber," ni Ọ̀gbẹ́ni Mabaso wí, "kí ló dé tí o fi ń pè wọ́n ní ìyá rẹ?"

"Plumber kẹ̀?" Màmá dìde jókòó. "Ọmọ bíbí inú mi nìyí! Dọ́kítà tí mo sọ fún ọ!"

Ọ̀gbẹ́ni Mabaso wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Ó wá yíjú sí mi. "Ṣé èyí tó kú yẹn?"

"Ta ló kú?" ni Màmá bi í.

Oníwàásù orí tẹlifíṣọ̀n nìkan ló ń sọ̀rọ̀. Mo kúnlẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì tèmi fúnra mi nínú ilé Damaris, mo jẹ́wọ́ ohun gbogbo. Mo sọ ọ́ ní Yorùbá fún Màmá, mo sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì fún ọkùnrin kánsù. Mi ò mọ èyí tó le jù nínú méjèèjì.

Ọ̀gbẹ́ni Mabaso ní ti tiwa ti bà jẹ́, a ó sì gba ìyà tó bá tọ́ sí wa. A gbà á, a san owó ìtanràn náà, kì í ṣe kékeré. Àmọ́ ọ̀rọ̀ Damaris ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún.

"Mo gbọ́ ohun tí ẹ sọ," ló wí. "Ṣùgbọ́n ọ̀gá mi ò mọ ìtàn, àwòrán ló mọ̀. Mo fẹ́ lọ wo ilé kan ní òpin àdúgbò yìí. Bí mo bá padà, màá ya àwòrán yàrá yìí. Ohunkóhun tí mo bá rí níbẹ̀, ti obìnrin yìí ni."

A bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrù. Tẹlifíṣọ̀n jáde. Fíríìjì jáde. Ó wá ku sófà. A fa okùn náà, kò pa dé. A tì í, a gbá a, a gbé e ró. Ó ti na ẹsẹ̀ rẹ̀ láti ògiri dé ògiri, kò lè gba ẹnu ọ̀nà kankan.

Damaris dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń wo aago ara ògiri. Mo mọ ohun tó ń rò. Ó ń ronú nípa yàrá kan ní Joubert Park.

Ọkọ mi wò mí. "Àfi ká gé e."

Gbogbo wa wo Màmá. Wọ́n fọwọ́ pa awọ sófà náà lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n ti ṣiṣẹ́ òru púpọ̀ kí wọ́n tó rà á.

"Ìyá Tẹjú," ni wọ́n pè mí, ohùn wọn ò sókè rárá. "O sọ mí di tálákà. O sọ ọmọ mi di òkú. O sọ obìnrin yìí di olè. Ta ló kù tí o ò tíì sọ dà?"

Mo bú sẹ́kún.

"Damaris, ṣé ọkọ ẹ fi ayùn sílẹ̀?"

Damaris lọ mú ayùn wá. Ọkọ mi nawọ́ gbà á, Màmá ní rárá, èmi ni kí wọ́n fún.

Èmi tí mo ń fi ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà jẹun, mo kúnlẹ̀, mo rẹ́ sófà ìyá ọkọ mi sí méjì. Fóòmù bò mí lórí, awọ ń ya, igi ń ké, ọwọ́ mi bó. Nígbà tí Ọ̀gbẹ́ni Mabaso padà dé, ìdajì kejì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde lẹ́nu ọ̀nà ni. Ó ya pálọ̀ tó ṣófo. Ó ya Damaris lórí àga oníke tirẹ̀ tí a ti dá padà. Kó tó lọ, ó bọ Màmá lọ́wọ́, ó sì rọra sọ fún ọkọ mi pé òun yọ̀ pé ó jí dìde.

Wọ́n fún Damaris ní ẹ̀dínwó náà. Ilé rẹ̀ ò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìdajì sófà kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri pálọ̀ wa báyìí, ìdajì kejì wà lódìkejì, a fi búlọ́ọ̀kù gbé e. Màmá ò gbà kí a ra òmíràn. Bí àlejò bá béèrè ohun tó ṣe é, wọ́n á ní, "Ẹ bi ìyàwó mi," èmi náà á sì máa sọ ọ́. Mo ti sọ ọ́ débi pé mo ti mọ bí mo ṣe ń dẹ́rìn-ín pa èèyàn. Bí mo bá dé ibi plumber tó jí dìde, omi ẹ̀rín á máa bọ́ lójú àwọn àlejò.

Ní oṣù tó kọjá, a ṣe àdúrà ọjọ́ ìbí Màmá. Damaris wá. Ọ̀dọ̀ Màmá ló wá, ó máa ń kí mi, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyàwó pásítọ̀ béèrè nípa sófà, mo sọ ọ́, gbogbo ilé rẹ́rìn-ín.

Damaris gbé kọ́ọ̀bù rẹ̀ kalẹ̀. "You left out a part."

"Apá wo?"

"Ibi tí ọkùnrin kánsù yẹn ti bi ọ́ ní ìbéèrè."

Gbogbo ojú wà lára mi. Mo ní kí n lọ wo ìrẹsì lórí iná, mo sì dúró sí kíṣìnì títí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin.

Ohun tó mú mi kọ ọ́ sínú ìwé yìí nìyẹn. Láti ọjọ́ yẹn, ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ gbọ́ apá yẹn lẹ́nu mi. Ọkùnrin kánsù náà bi mí bóyá mo mọ̀ ọ́n. Damaris dúró níwájú mi, ó ń wò mí, mo sì ní mi ò mọ̀ ọ́n.

Mo mọ̀ ọ́n, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo mọ Damaris dáadáa.